Mikel, nọ́ńbà 12

Sátidé òní ni mo rí àyè gbé jẹ́sì Chelsea mi lọ sí Dùgbẹ̀, lọ́dọ̀ ọ̀gá kan tó máa ń tẹ orúkọ sí ẹ̀yìn jẹ́sì. Ó pẹ́ tí mo ti ń sọ pé màá lọ, iṣẹ́ ni ò jẹ́. Ọ̀gá náà ò sí ńlẹ̀, ọmọ iṣẹ́ ẹ̀ ló dá mi lóhùn, kò lè ju ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún lọ, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, orúkọ ta la máa kọ?" Mo ní kó kọ Mikel, nọ́ńbà 12. Ó wò mí. "Mikel tó máa ń gbá bọ́ọ̀lù sẹ́yìn yẹn?"

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí wọra, torí ọmọ yìí ò lè rántí ìgbà tí Mikel ń gbá bọ́ọ̀lù ní Chelsea, ẹnu àwa àgbà ló ti gbọ́ ọ. Èmi náà wà níbẹ̀. Ní Mọ́kọ́lá níbi tá a ti máa ń wo bọ́ọ̀lù, tí bọ́ọ̀lù bá ti dé ẹsẹ̀ ẹ̀ báyìí la ó ti máa pariwo pé kó gbá a síwájú jàre, tí Drogba bá wá ju bọ́ọ̀lù sáwọ̀n a ó máa gbéra wa sókè, kò sẹ́ni tó ń béèrè ta ló já bọ́ọ̀lù yẹn gbà kó tó dé ọ̀dọ̀ Drogba.

Bẹ́ẹ̀ iwájú ni Mikel ti ń gbá bọ́ọ̀lù kó tó dé Chelsea ní 2006 o. Níbi ìdíje àgbáyé àwọn ọ̀dọ́ ní Netherlands ní 2005, Messi ni wọ́n mú ní agbábọ́ọ̀lù tó dáa jù, Mikel ló ṣe ìkejì! Mourinho tó jẹ́ kóòṣì Chelsea nígbà yẹn ló fà á sẹ́yìn pé kó máa ṣọ́ iwájú àwọn dìfẹ́ńdà, ó sì gbà, ó ṣe é títí di January 2017 tó fi lọ.

Lálẹ́ àná mo tún fáínà Champions League ti May 19, 2012 wò lórí fóònù, èyí tí Chelsea àti Bayern gbá ní Munich. Terry ò sí, Ramires ò sí, Ivanović ò sí, Meireles náà ò sí, káàdì ti gbé gbogbo wọn jókòó, ó wá ku Mikel àti Lampard láàárín pápá, nílé Bayern fúnra wọn. Kọ́nà 20 ni Bayern gbà, àwa gba ẹyọ kan, ẹyọ kan yẹn ni Drogba fi orí kàn wọlé ní ìṣẹ́jú 88, òun náà ni gbogbo wa ń rántí. Àmọ́ lánàá Mikel nìkan ni mo tẹjú mọ́. Kí bọ́ọ̀lù tó dé ọ̀dọ̀ ẹ̀, á ti bojú wẹ̀yìn lápá ọ̀tún, á tún wo òsì, á wá kọ ẹ̀yìn sí ẹni tó ń sáré bọ̀ kó má rí bọ́ọ̀lù yẹn fọwọ́ bà rárá, á rọra tì í sí ẹni tó sún mọ́ ọn, á sì rìn padà sáyè ẹ̀. Ìṣẹ́jú 120 ló fi ṣe é, wọn ò pààrọ̀ ẹ̀. Tó bá ṣì í ṣe lẹ́ẹ̀kan péré, Robben àti Ribéry ti Bayern ti dé iwájú Čech aṣọ́lé wa nìyẹn.

September 2013 ló tó gbá góòlù líìgì kan wọlé fún Chelsea, a ń bá Fulham gbá, kò sì tún sí òmíì nínú líìgì. Ẹ wo bí àwọn yòókù ṣe dì mọ́ ọn lọ́jọ́ yẹn. Àwọn tí wọ́n jọ wà lórí pápá mọ ohun tó ń ṣe fún wọn.

Mi ò bá ọmọ náà jà. Bó ṣe ń wá lẹ́tà K nínú páálí, tí áyọ́ọ̀nù ń gbóná lọ, mo gbé fóònù síwájú ẹ̀ pé kó máa wo nọ́ńbà 12. Ó wò ó títí, ó gbàgbé K tó ń wá. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ wò ó, ó ti ń wo ẹ̀yìn kí bọ́ọ̀lù tó dé o." Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Mo wọ jẹ́sì náà kúrò níbẹ̀, lẹ́tà yẹn ṣì ń gbóná lẹ́yìn mi.