Aago Mélòó Ni Oorun Oògùn Máa Ń Dá Lójú Rẹ?

Òwe kan wà tí n kò fẹ́ gbọ́ mọ́ láti ìgbà tí àìsàn ọpọlọ ti ṣe mí: wọ́n ní bó ti wù kí wèrè sàn tó, yóò ṣẹ́ ku èyí tí yóò máa fi dẹ́rù ba ọmọdé. Àwọn tó ń pa á lè má ní ibi lọ́kàn, ṣùgbọ́n òwe yìí ló máa ń sọ sí agbanisíṣẹ́ lọ́kàn nígbà tó bá rí i pé iṣẹ́ ọdún méjì kò sí nínú ìwé tí mo fi tọrọ iṣẹ́. Èyí tó burú jù ni pé èmi fúnra mi gbà á gbọ́. Fún oṣù mọ́kànlá lẹ́yìn tí dókítà ti ní kí n máa lọ sílé, n kò ṣe ju kí n jẹun, kí n lo oògùn, kí n sì dùbúlẹ̀ máa wo àjà, torí gbogbo ẹni tó fẹ́ràn mi ló ń sọ pé kí n sinmi títí ara mi yóò fi yá tán pátápátá.

Ẹni tó gbé mi dìde kì í ṣe dókítà. Bọ̀dá kan ni, tí àìsàn yìí ti dá wó lẹ́ẹ̀mejì, tó sì ń ṣiṣẹ́ báyìí ní ilé ìtẹ̀wé. Òun àti àwọn mélòó kan tí wọ́n jọ gba ìtọ́jú ló máa ń pàdé ní ọ̀sán Sátidé láti bá ara wọn wá iṣẹ́ àti ọ̀nà àtipadà sílé ẹ̀kọ́. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo débẹ̀, kò bi mí bóyá mò ń lo oògùn mi, ìbéèrè tó ti sú mi láti ọjọ́ pípẹ́. Ohun tó bi mí ni pé, “Àbúrò, bí o bá lo ti alẹ́, aago mélòó ni oorun rẹ̀ máa ń dá lójú rẹ?” Mo ní ó máa ń tó aago mẹ́sàn-án àbọ̀. Ó mú bírò, ó kọ “10” gàdàgbà sórí ìwé mi, ó ní a kò ní wá iṣẹ́ kankan tí wọ́n ń bẹ̀rẹ̀ ṣáájú ìgbà yẹn. Àwọn tó ń tọ́jú mi mọ oògùn náà dáadáa, ṣùgbọ́n wọn kò lò ó rí.

Lẹ́yìn náà ni a wá kan ọ̀rọ̀ ọdún méjì yẹn. Ọ̀kan nínú wa, tó jẹ́ olùkọ́ kó tó ṣàìsàn, ló jókòó tì mí títí tí mo fi lè sọ ọ́ láìjẹ́ kí ohùn mi gbọ̀n: “Mo ṣàìsàn, mo gba ìtọ́jú, mo sì ti lè ṣiṣẹ́ báyìí.” Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀, kò sì sí ẹni tó lè fi dandan gba ju bẹ́ẹ̀ lọ lẹ́nu mi. Ibi mẹ́rin ni wọ́n ti kọ̀ mí kí màmá kan tó ní ṣọ́ọ̀bù fọ́tòkọ́pì tó gbà mí. Bọ̀dá bá màmá náà ṣe àdéhùn pé, bí ọjọ́ kan bá wà tí n kò lè dìde, ọ̀kan nínú wa yóò wá dípò mi. Ẹ̀ẹ̀mẹta péré ló ṣẹlẹ̀ ní oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́, mo sì gbọ́ pé nínú ẹ̀ẹ̀mẹta yẹn, ìgbà kan wà tí bọ̀dá gba àyè níbi iṣẹ́ tirẹ̀, tó wá dúró ti ẹ̀rọ fún mi.

Ìgbà tó yá ni mo kà pé ọ̀nà yìí ti pẹ́. Ní New York, ní àwọn ọdún 1940, àwọn kan tí wọ́n jọ gba ìtọ́jú ní Rockland State Hospital bẹ̀rẹ̀ sí í pàdé lẹ́yìn tí wọ́n kúrò níbẹ̀, wọ́n sì fún ara wọn ní orúkọ tó túmọ̀ sí “A kò dá wà.” Nígbà tó di 1948, wọ́n ní ilé tiwọn, ìyẹn Fountain House. Ọmọ ẹgbẹ́ ni wọ́n ń pe ẹni tó bá wá síbẹ̀, wọn kì í pè é ní aláìsàn. Irú àdéhùn tí bọ̀dá ṣe gan-an ni ilé náà ń bá àwọn agbanisíṣẹ́ ṣe: owó iṣẹ́ gidi ni wọ́n ń san, ẹlòmíràn sì ń lọ dípò ẹni tí ara rẹ̀ kò bá le lọ́jọ́ náà. Nílé wa níhìn-ín, ní 1954, Dókítà Thomas Adeoye Lambo bẹ̀rẹ̀ sí í fi àwọn aláìsàn wọ̀ sí abúlé tó yí ilé ìwòsàn Aro ká ní Abẹ́òkúta, níbi tí mọ̀lẹ́bí wọn ti ń bá wọn gbé, tí wọ́n ń gba ìtọ́jú, tí wọ́n sì ń ṣiṣẹ́ oko láàárín àwọn tí ara wọn le. Mo bọlá fún un gidigidi, nítorí ó rí i pé kò yẹ kí iṣẹ́ dúró de ìwòsàn. Èyí tí mo fẹ́ kí a fi kún un ni pé kí àwọn tó ti la àìsàn náà kọjá máa ṣíwájú nínú ètò bẹ́ẹ̀.

Ọ̀nà ilé ẹ̀kọ́ ló gùn jù: lẹ́tà mẹ́ta, ìwé dókítà méjì, àti ọ̀pọ̀ ìjókòó lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì. Àwa méjì la jọ máa ń lọ, torí ẹni tó bá dá jókòó síbẹ̀ lè dìde máa lọ sílé kí wọ́n tó pè é. Wọ́n ti gbà mí padà báyìí, mo sì ń fi ọ̀sán ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀ ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù.

Ní Sátidé tó kọjá, ọmọbìnrin kan wá pẹ̀lú ìyá rẹ̀, ìyá ló sì ń dáhùn gbogbo ohun tí a bá bi í. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ kí ọmọ fúnra rẹ̀ dáhùn èyí tó kàn. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó wo ìyá rẹ̀, ó wá ní, “Aago mọ́kànlá ni, mà.” Mo kọ ọ́ sílẹ̀ fún un.