Èló ni èéfín ń gbà lọ́wọ́ orílẹ̀-èdè?

Lọ́dún 2016, Báǹkì Àgbáyé àtàwọn tó bá a ṣiṣẹ́ gbé ìṣirò kan jáde lórí mílíọ̀nù 5.5 èèyàn tí afẹ́fẹ́ ìdọ̀tí pa lọ́dún 2013. Ìwé kan náà ni, òkú kan náà ni, ṣùgbọ́n iye owó méjì ló wà níbẹ̀: bílíọ̀nù 225 dọ́là, àti tírílíọ̀nù 5.11 dọ́là. Ẹni tó bá fẹ́ kó ìjọba láyà jẹ á mú èyí tó tóbi. Ẹni tí iléeṣẹ́ rẹ̀ ń rú èéfín á di èyí tó kéré mú. Kò sí irọ́ nínú méjèèjì. Ohun tí wọ́n kà ló yàtọ̀.

Orí ìwọ̀n afẹ́fẹ́ ni ìṣirò ti ń bẹ̀rẹ̀. Eruku tí wọ́n ń wọ̀n jù ni PM2.5, èyí tí kò fẹ̀ ju máíkírómítà 2.5 lọ, irun orí ẹyọ kan nípọn tó bí ọgbọ̀n irú rẹ̀. Imú kò lè sẹ́ ẹ, ó ń wọ ẹ̀dọ̀fóró, ó sì ń bá ẹ̀jẹ̀ lọ. Látọdún 2021, WHO, àjọ ìlera àgbáyé, ní kí ìpíndọ́gba rẹ̀ lọ́dún má ju máíkírógíráàmù 5 lọ nínú afẹ́fẹ́ tó kún àpótí tó gùn, tó fẹ̀, tó sì ga ní mítà kọ̀ọ̀kan. 10 ni tẹ́lẹ̀. Ibí yìí náà ni àṣìṣe ti ń kọ́kọ́ wọlé. Bí ọ̀rinrin bá pọ̀, eruku á fa omi mu, á wú, ẹ̀rọ olówó pọ́ọ́kú á sì ka iye tó ju ti òótọ́ lọ. Bí wọ́n bá tún gbé ẹ̀rọ kan ṣoṣo sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì márosẹ̀, tí wọ́n fi ohun tó kà ṣírò fún odindi ìlú, iṣẹ́ ti bàjẹ́ láti ìpìlẹ̀.

Lẹ́yìn èyí ló kan òkú. Ká ní 10,000 èèyàn ni àrùn ọkàn ń pa lọ́dún nínú ìlú kan, tí ewu àrùn náà fún ẹni tó ń mí afẹ́fẹ́ ibẹ̀ sì jẹ́ ìlọ́po 1.25 ti ẹni tó ń mí afẹ́fẹ́ mímọ́. Ọ̀pọ̀ á yára fi 0.25 sọ 10,000 di púpọ̀, wọ́n á ní 2,500. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn tí èéfín pa ti wà nínú 10,000 yẹn. Ẹ fi 1.25 pín 0.25, ó di 0.2, 2,000 ni òkú èéfín. Báyìí la ó ṣe ti rọpárọsẹ̀, ti jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró àti ti òtútù àyà, lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ má sì gbàgbé pé ewu kì í gùn bákan náà: ó máa ń yára ròkè níbi tí eruku ti kéré, á wá rọra níbi tó ti pọ̀. Ìdí nìyẹn tí ìlú tó dín eruku kù láti 80 sí 70 kò fi ní rí ẹ̀mí gbà là tó èyí tó dín in kù láti 20 sí 10.

Owó ló kù. Ọ̀nà àkọ́kọ́ ni ká ka owó iṣẹ́ tí olóògbé ì bá gbà títí tí ì bá fi fẹ̀yìn tì. Òun ló bí bílíọ̀nù 225. Àbùkù rẹ̀ hàn gbangba: lójú rẹ̀, arúgbó tó ti fẹ̀yìn tì kò tó kọ́bọ̀, bẹ́ẹ̀ àwọn àgbà ni èéfín ń pa jù. Ọ̀nà kejì ń wo ohun tí èèyàn ṣe tán láti san kí ewu ikú dín kù. Bí 10,000 èèyàn bá ṣe tán láti san 100 dọ́là lẹ́nì kọ̀ọ̀kan kí ẹnì kan péré nínú wọn má bàa kú, mílíọ̀nù kan dọ́là ni iye ẹ̀mí kan nìyẹn. Òun ló bí tírílíọ̀nù 5.11. Owó yìí kò sọnù nínú àpò ìjọba o. Iye tí aráàlú fi sórí ẹ̀mí wọn ni.

Orílẹ̀-èdè tí kò ní irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ máa ń yá iye ti ẹlòmíì lò, ibẹ̀ gan-an ni mo ti máa ń fura. Ká ní mílíọ̀nù 3 dọ́là ni iye tí wọ́n yá, owó tó ń wọlé fún ọmọ ìlú sì jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́wàá ti ọ̀hún. Bí wọ́n bá ní iye ẹ̀mí ń bá owó rìn ní dọ́gba-n-dọ́gba, ó di 300,000. Bí wọ́n bá ní iye ẹ̀mí ń yára dín kù ju owó lọ, tí wọ́n gbé ìdá náà, 0.1, sí agbára 1.2 kí wọ́n tó fi sọ mílíọ̀nù 3 di púpọ̀, ó di bíi 189,000. Nọ́ńbà kékeré kan tí wọ́n tẹ̀ sínú àlàyé ìsàlẹ̀ ìwé ti gé ju ìdá mẹ́ta lọ nínú mẹ́wàá.

Ohun tí kì í sí nínú ọ̀pọ̀ ìṣirò ni ti ẹni tí kò kú, tí kò tilẹ̀ dùbúlẹ̀ àìsàn, àmọ́ tí ọwọ́ rẹ̀ fà lẹ́nu iṣẹ́. Ní California, wọ́n wo àwọn òṣìṣẹ́ oko tí wọ́n ń sanwó fún gẹ́gẹ́ bí irè tí wọ́n ká ṣe pọ̀ tó: bí ozone, ìyẹn gáàsì kan tó wà lára ìdọ̀tí afẹ́fẹ́, bá dín kù ní ìdá mẹ́wàá nínú bílíọ̀nù, iṣẹ́ ọwọ́ wọn ń pọ̀ sí i ní ìdá 5.5 nínú ọgọ́rùn-ún. Nílẹ̀ Yúróòpù, ìwádìí tí OECD, ẹgbẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè tí ọ̀pọ̀ wọn lówó, ṣe lọ́dún 2019 rí i pé bí PM2.5 bá fi máíkírógíráàmù kan ṣoṣo lé sí i, GDP, ìyẹn àpapọ̀ iye ohun tí orílẹ̀-èdè ń pèsè lọ́dún, ń dín kù ní ìdá 0.8 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún náà. Èyí, owó gidi ni.

Iye owó tí títún afẹ́fẹ́ ṣe ń náni náà kò gbọ́dọ̀ ṣàì sí nínú ìwé. Lọ́dún 2011, EPA, àjọ tó ń dáàbò bo àyíká ní Amẹ́ríkà, ṣírò pé àtúnṣe òfin afẹ́fẹ́ tọdún 1990 yóò ná wọn ní bílíọ̀nù 65 dọ́là fún ọdún 2020, èrè rẹ̀ á sì tó tírílíọ̀nù 2. Ọ̀nà kejì ni wọ́n fi ka ẹ̀mí, ẹ̀mí ló sì kó èyí tó pọ̀ jù nínú èrè náà.