Àṣírí Oníbàárà: Ẹ̀kọ́ Tí Mo Kọ́ Nídìí Iṣẹ́ Lọ́yà

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ lọ́yà tó ń gbèjà olùjẹ́jọ́, kí oníbàárà tó la ẹnu, ẹ kọ́kọ́ sọ irú àṣírí tí ẹ lè pa mọ́ fún un, àti èyí tí ẹ ò lè pa mọ́. Abala 192 nínú Òfin Ẹ̀rí ti ọdún 2011 ló là á sílẹ̀. Ohun tó bá bá yín sọ nítorí iṣẹ́ tó gbé fún yín, ẹ ò gbọdọ̀ tú u síta àfi bó bá yọ̀ǹda, kódà lẹ́yìn tí iṣẹ́ bá parí. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé ìwà ọ̀daràn ló fẹ́ fi ìmọ̀ràn yín ṣe, òfin ò daṣọ bo ìyẹn.

Ìyá kan gbà mí fún ọmọ rẹ̀ tí wọ́n fẹ̀sùn olè kàn l'Ékòó. Ní àtìmọ́lé, ọmọ náà wò yíká, ó ní, "Bàrístà, mi ò ní purọ́ fún yín, mo wà níbẹ̀." Nígbà tí mo jáde, ìyá dìde lórí bẹ́ǹṣì: "Lọ́yà, kí ló wí?" Mo ní, "Màmá, ẹ má bínú, ọ̀rọ̀ èmi àti ọmọ yín ni." Inú bí i gan-an. Ṣebí òun ló ń sanwó! Bẹ́ẹ̀ ni, òun ló ń sanwó, ṣùgbọ́n ọmọ ló ni àṣírí.

Ṣé kí n wá gbé e sínú àpótí ẹlẹ́rìí kó búra pé òun ò sí níbẹ̀? Èèwọ̀ ni. Ìjọba ló gbọ́dọ̀ fi ẹ̀rí hàn, nítorí náà ọlọ́pàá ni mo da ìbéèrè bò. Ta ló dá a mọ̀? Òfin Èkó ní kí wọ́n gba ìjẹ́wọ́ afurasí sórí fídíò, tàbí kí lọ́yà rẹ̀ wà níbẹ̀ bí kò bá sí fídíò. Ṣé wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀? Kò sí irọ́ kankan nínú ìbéèrè wọ̀nyí.

Èyí tó le jù ni kí aláìṣẹ̀ máa jìyà lórí ohun tí ẹ mọ̀. Ní Chicago, l'Amẹ́ríkà, wọ́n ní Alton Logan ló pa ẹ̀ṣọ́ kan lọ́dún 1982. Ọkùnrin mìíràn, Andrew Wilson, jẹ́wọ́ fún àwọn lọ́yà tirẹ̀ pé òun ló pa á. Àwọn lọ́yà náà kọ ìjẹ́wọ́ yẹn sínú ìwé, wọ́n dì í pa, wọ́n sì gba àṣẹ lẹ́nu rẹ̀ pé àwọn lè sọ ọ́ bó bá kú. Ọdún 2007 ni Wilson kú, àwọn lọ́yà rẹ̀ sì tú àṣírí náà. Logan ti lo ọdún 26 lẹ́wọ̀n kó tó jáde.

Ọ̀rọ̀ yìí ń dùn mí títí dòní. Mi ò dá àwọn lọ́yà náà lẹ́bi, torí láìsí àṣẹ tí wọ́n gbà yẹn, ó ṣeé ṣe kí Logan kú sẹ́wọ̀n. Ṣùgbọ́n bó bá kàn yín, ẹ má ṣe béèrè lẹ́ẹ̀kan kí ẹ sì dákẹ́. Ẹ padà lọ bá oníbàárà yín, ẹ jókòó tì í, ẹ bẹ̀ ẹ́ kó jẹ́ kí ẹ sọ ọ́ nígbà tí òun ṣì wà láàyè.