Ẹsẹ̀ Chris Johnson àti owó tó bèèrè

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, alẹ́

Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi jiyàn lórí fóònù lónìí títí bátìrì tirẹ̀ fi kú. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin tó wà nílé ẹ̀kọ́ girama ní Texas ló fà á. Ọmọ náà ń gbá bọ́ọ̀lù àwọn ará Amẹ́ríkà, running back ni wọ́n fi ṣe, ìyẹn ẹni tí wọ́n máa ń gbé bọ́ọ̀lù lé lọ́wọ́ pé kó sá gba àárín àwọn òmìrán kọjá. Wọ́n ní eré ń bẹ lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Bàbá rẹ̀ ní eré kọ́, ìwé ni kó kà. Títí débẹ̀, mi ò bá wọn dá sí i. Àfi ìgbà tí ẹ̀gbọ́n mi dárúkọ Chris Johnson, tó ní ṣebí òun náà yára, ṣebí ojúkòkòrò ló ba tiẹ̀ jẹ́.

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú o, ìtàn yẹn kò rí bí ẹ ṣe ń sọ ọ́."

Nashville ni mo ń gbé nígbà tí Johnson ń gbá bọ́ọ̀lù fún Titans, ẹgbẹ́ ìlú náà nínú NFL, líìgì ńlá bọ́ọ̀lù àwọn ará Amẹ́ríkà. Mi ò lówó tíkẹ́ẹ̀tì LP Field, pápá wọn tó wà létí odò Cumberland, ṣùgbọ́n tẹlifíṣọ̀n wà ní yàrá ìjẹun níbi iṣẹ́ wa, àwọn tá a jọ ń ṣiṣẹ́ alẹ́ sì ní sùúrù fún àlejò. Eré yẹn ò kọ́kọ́ yé mi rárá. Wọn a sáré díẹ̀, wọn a dúró, wọn a forí korí, wọn a tún sáré díẹ̀. Johnson ló jẹ́ kó yé mi. Bọ́ọ̀lù bá ti dé ọwọ́ rẹ̀, ẹnikẹ́ni ò nílò láti ṣàlàyé ohunkóhun fún mi mọ́.

Ọmọ Orlando ní Florida ni, 1985 ni wọ́n bí i. East Carolina ló lọ, yunifásítì tí kì í ṣe ọ̀kan lára àwọn tí gbogbo ayé máa ń wò. Hawaii Bowl ti December 2007, ọ̀kan nínú àwọn eré tí àwọn yunifásítì fi ń parí sáà, ló jẹ́ kí ojú yí sí i: lọ́jọ́ kan ṣoṣo, 408 yáàdì ló kó jọ lórí Boise State, bá a bá ro èyí tó sá, èyí tó rí nígbà tí wọ́n ju bọ́ọ̀lù sí i àti èyí tó rí nígbà tó ń gbé bọ́ọ̀lù tí ọ̀tá gbá sí wọn padà pọ̀. East Carolina borí, 41 sí 38. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, ó dé Indianapolis, níbi tí àwọn ẹgbẹ́ NFL ti máa ń yẹ àwọn ọmọ tó fẹ́ wọṣẹ́ wò. Wọn a gbé wọn sórí ìwọ̀n, wọn a wọn apá wọn, wọn a ní kí wọ́n fò, wọn a sì ní kí wọ́n sá 40 yáàdì, tí kò tó mítà 37. Johnson sá tirẹ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá 4.24. Lábẹ́ aago ẹ̀rọ, kò sẹ́ni tó yára jù ú lọ níbẹ̀ títí di 2017. Titans mú un sípò 24 nínú draft ọdún 2008, níbi tí àwọn ẹgbẹ́ ti máa ń yan àwọn ọmọ tuntun lọ́kọ̀ọ̀kan.

Lọ́dún àkọ́kọ́, òun àti LenDale White ni wọ́n jọ ń pín iṣẹ́. White sanra, òun ló ń fi àyà ti ènìyàn; Johnson ló ń fẹ́ lọ bí ọ̀nà bá ti là. Ó sá 1,228 yáàdì, Titans sì borí nínú eré 13 nínú 16. Ọdún dáadáa ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ni mo fẹ́ sọ.

2009 ni. Ìbẹ̀rẹ̀ ọdún náà burú débi pé àwọn ará Nashville ò fẹ́ kéèyàn dárúkọ bọ́ọ̀lù níwájú wọn. Eré mẹ́fà àkọ́kọ́, Titans ò borí ìkankan. Ẹlẹ́kẹfà yẹn, nínú yìnyín ní New England, 59 sí òdo ni wọ́n nà wọ́n. Síbẹ̀, nínú gbogbo ìyà yẹn, Johnson ń ṣe ohun tí mi ò rí kí ẹnikẹ́ni ṣe rí. Nínú eré kejì, tí wọ́n bá Houston gbá, touchdown mẹ́ta ló gbà wọlé, ìyẹn ni pé ẹ̀ẹ̀mẹta ló gbé bọ́ọ̀lù dé òpin pápá ọ̀tá: ọ̀kan láti 57 yáàdì, ọ̀kan láti 69, ọ̀kan láti 91. Ti 69 yẹn ló ń pa mí lẹ́rìn-ín títí dòní. Ó lọ dúró sẹ́bàá pápá lóun nìkan, àwọn ará Houston sì gbàgbé pé ó wà níbẹ̀. Kerry Collins tó ń ju bọ́ọ̀lù rí i, ó jù ú sí i, ó parí. Ọkùnrin tó yára jù nínú líìgì, ẹ gbàgbé rẹ̀! Titans sì tún pàdánù eré ọ̀hún, 34 sí 31.

Mo tún wo àwọn eré yẹn lórí YouTube lẹ́yìn tí ẹ̀gbọ́n mi lọ tán. Ohun tí mo kíyè sí ni pé ẹni tó ń lé running back kì í sáré síbi tí running back wà. Ibi tí àwọn méjèèjì yóò ti pàdé ló máa ń sáré sí. Ojú rẹ̀ ti ṣírò rẹ̀ tán, nítorí àtikékeré ló ti ń lé ènìyàn bẹ́ẹ̀. Tó bá jẹ́ Johnson, ìṣirò yẹn á forí ṣánpọ́n. Ẹ ó rí i kedere lójú àwòrán: olùgbèjà náà ń bọ̀ láti ọ̀ọ́kán, ó dá ara rẹ̀ lójú, kò tilẹ̀ tíì sáré tán. Kó tó dé ibi ìpàdé, Johnson ti kọjá níbẹ̀. Olùgbèjà yóò wá yí orí padà, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í lé e látẹ̀yìn, nǹkan sì ti bàjẹ́. Irun dídì Johnson yóò máa fẹ́ lẹ́yìn àṣíborí. Bó bá rẹ́rìn-ín tán, wúrà ló wà lẹ́nu rẹ̀.

Mi ò ní puró pé òun nìkan ló ṣe é. Kevin Mawae ló wà láàárín àwọn tó ń là á lọ́nà níwájú, ọkùnrin tí wọ́n padà gbà sí Hall of Fame, ilé ọlá àwọn àgbà eré náà, ní 2019. Vince Young náà gba ipò Collins, Titans jí padà, wọ́n parí ọdún pẹ̀lú mẹ́jọ-mẹ́jọ: wọ́n borí mẹ́jọ, wọ́n pàdánù mẹ́jọ. Ní January 3, 2010, ní Seattle, iye yáàdì tí Johnson sá ní sáà náà kọjá 2,000. 2,006 ló parí sí. Márùn-ún péré ló ti ṣe irú rẹ̀ rí ṣáájú rẹ̀. Bá a bá fi 503 yáàdì tó rí nígbà tí wọ́n ju bọ́ọ̀lù sí i kún un, ó di 2,509, ó sì gba ipò ẹni tó kó irú yáàdì bẹ́ẹ̀ jọ jù ní sáà kan lọ́wọ́ Marshall Faulk tó ti wà níbẹ̀ láti 1999. CJ2K ni gbogbo ìlú ń pè é: CJ ni orúkọ rẹ̀, 2K ni ẹgbẹ̀rún méjì.

Ṣùgbọ́n ẹ wo òdìkejì rẹ̀. Ìgbà 358 ni wọ́n gbé bọ́ọ̀lù lé ọkùnrin yìí lọ́wọ́ lọ́dún yẹn, òun tí kò ju nǹkan bí 90 kílò lọ, tí àwọn tó tó 130 kílò sì ń já lù ú. Owó tó ń gbà ṣì ni ti ọmọ tuntun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọṣẹ́.

Ibí yìí ni èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ti yà. Ní 2011, Johnson kọ̀, kò lọ sí ibùdó ìgbaradì. Iye tó yẹ kó gbà lọ́dún náà kò ju nǹkan bíi mílíọ̀nù kan dọ́là. Ariwo sọ. Àwọn ará ibi iṣẹ́ wa tó ń wọ ẹ̀wù nọ́ńbà 28 rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í bú u pé ojú rẹ̀ ti kún. Lọ́jọ́ kìíní September ni Titans gbà fún un: ọdún mẹ́rin, 53.5 mílíọ̀nù dọ́là, tí 30 mílíọ̀nù inú rẹ̀ sì jẹ́ èyí tí wọ́n fọwọ́ sọ̀yà rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ pé wọ́n fọwọ́ sọ̀yà 30 yẹn ni ẹ̀gbọ́n mi ò kà sí. Bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ ti Yúróòpù ló wà lórí rẹ̀, níbi tó jẹ́ pé bí ẹgbẹ́ bá fọwọ́ sí ìwé ọdún márùn-ún, wọn ó san ọdún márùn-ún. NFL kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá lé ọ lọ́la, èyí tí wọ́n fọwọ́ sọ̀yà rẹ̀ nìkan ni tìrẹ, ìyókù lẹ́tà lásán ni. Wàyí o, ta ni yóò pàtẹ tòmátì tó pọ́n, tí oníbàárà wà níwájú rẹ̀, tí yóò ní kó padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀? Eré sísá kì í dúró de ènìyàn. Johnson mọ̀ bẹ́ẹ̀ ní ọmọ ọdún 25, mo sì rò pé òun nìkan ló ń ronú dáadáa nínú gbogbo wa nígbà yẹn.

"Ṣùgbọ́n lẹ́yìn tó gbowó, ṣé ó sáré mọ́?" Ẹ̀gbọ́n mi tẹnu mọ́ ìyẹn dáadáa.

Lóòótọ́, 1,047 yáàdì ló sá ní 2011. Fún ẹlòmíràn, ìdùnnú ni. Fún ẹni tó ti sá 2,006, wọ́n ní ó ti kú. Mawae ti lọ, Jeff Fisher tó jẹ́ kóòṣì ti lọ, òun fúnra rẹ̀ ò sì gbára dì rárá ṣáájú sáà. Mi ò gbè é, eré yẹn ti ń dín kù. Àmọ́ ọdún mẹ́fà gbáko tó lò ní Nashville, kò sí ọ̀kan tí kò ti kọjá 1,000. Láti 2009 dé 2013, kò pa eré kan jẹ. Ní December 2012, lálẹ́ ọjọ́ Ajé tí wọ́n bá Jets gbá, ó gba bọ́ọ̀lù ní yáàdì mẹ́fà sí ilé wọn, ó sá 94 yáàdì títí ó fi wọlé. Gbogbo ohun tó sá lálẹ́ ọjọ́ náà jẹ́ 122. Ẹ yọ 94 kúrò, kí ẹ wo ohun tó ṣẹ́ kù. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe rí nígbà tó di àgbà: yáàdì kan, yáàdì méjì, òfo, wọ́n wó o, òfo, yáàdì mẹ́ta, àfi gbàù! Àwọn kan ò fẹ́ràn irú ẹ̀. Èmi fẹ́ràn rẹ̀.

Ní 2013, orúnkún tó ti fara pa ló fi ń sáré nínú púpọ̀ sáà náà, wọ́n sì ṣe iṣẹ́ abẹ fún un ní January. Ní April 2014, Titans lé e. Ọmọ ọdún 28. Àdéhùn ọdún mẹ́rin náà ò tíì parí. Àwọn tó bú u pé ó bèèrè owó ní 2011, mi ò gbọ́ kí wọ́n bú ẹgbẹ́ pé ó yẹ àdéhùn.

Ó lo ọdún kan ní Jets, ẹgbẹ́ New York. Ní March 2015, ní Orlando, wọ́n yìnbọn sí ọkọ̀ tó wà nínú rẹ̀ lóru. Ọta bà á léjìká, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń wa ọkọ̀ kú. Ẹnikẹ́ni ì bá sinmi. Ẹgbẹ́ Arizona gbà á ní August ọdún yẹn kan náà, ó sá 814 yáàdì nínú eré 11 kí egungun ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ṣẹ́. Kò tún rí bẹ́ẹ̀ mọ́. Ní October 2017, Arizona lọ mú Adrian Peterson wá, wọ́n sì dá Johnson dúró. Peterson náà ti kọjá 2,000 rí, ọmọ ọdún 32 ni àwọn méjèèjì. Ìgbà ò lọ bí òréré. 9,651 ni ìròpọ̀ gbogbo yáàdì tó sá, ó ku 349 kó pé 10,000.

2,509 yẹn ṣì wà níbẹ̀. Láti 2021, wọ́n ti fi eré kan kún sáà, ó di 17, síbẹ̀ wọn ò tíì bá a. Saquon Barkley ti Eagles, ẹgbẹ́ Philadelphia, sún mọ́ 2,006 ní 2024: 2,005 ló sá, yáàdì kan péré ló fi dín sí ti Johnson, wọ́n sì fi í sílẹ̀ kó sinmi nínú eré tó kẹ́yìn. Nígbà tó di March 2025, Eagles fún un ní àdéhùn tuntun: ọdún méjì, 41.2 mílíọ̀nù dọ́là, 36 nínú rẹ̀ sì ni wọ́n fọwọ́ sọ̀yà. Mi ò tíì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni pe Barkley ní olójúkòkòrò.