Ẹ Fi Ẹsẹ̀ Òpó Sílẹ̀: Ọ̀rọ̀ Mi fún Ẹ̀yin Àbúrò Tó Ń Gé Koríko ní Houston

Ẹ̀yin àbúrò mi, ẹ ti mọ bí wọ́n ṣe ń tan weed eater, ẹ̀rọ tó ń fi okùn ike gé koríko, ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń wé okùn sí i, n kò ní í tún ìyẹn kọ́ yín. Ohun tó mú mi kọ̀wé ni pé gbogbo ọgbà onípákó tí mo ń gbà kọjá lẹ́yìn yín lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí, ọgbẹ́ wà nídìí òpó rẹ̀. Ẹ fẹ́ kí koríko tó lẹ̀ mọ́ òpó lọ pátá, ẹ wá ń fi okùn weed eater fá igi. Ẹ̀kọ́ mẹ́ta ni mo fẹ́ kà fún yín.

Èkíní, ẹ mọ ohun tí okùn yẹn ń ṣe. Houston wa yìí náà ni George Ballas ti ṣe weed eater àkọ́kọ́ ní 1971. Búrọ́ọ̀ṣì tó ń yí níbi ìfọkọ̀ ló wò tó fi mú agolo gúgúrú, tó lu ihò sí i, tó ki okùn ìpẹja bọ̀ ọ́. Okùn lásán ni, ṣùgbọ́n eré tó ń sá ló ń gé nǹkan. Òpó páìnì tí à ń rì, wọ́n ti fi agbára tẹ oògùn bàbà sí i lára kó má bàa tètè jẹrà. Oògùn náà kì í fi bẹ́ẹ̀ wọnú àárín igi. Ẹ bẹ̀rẹ̀ wo ìdí òpó kan lónìí: lókè, ara rẹ̀ ṣì ní àwọ̀ ewé, nísàlẹ̀ níbi tí okùn ti fá a, ó ti funfun, fọ́nrán igi yọ síta wúruwùru. Ojú ilẹ̀ sì nìyẹn, ibi tí omi àti afẹ́fẹ́ ti ń pàdé, ibi tí igi ti máa ń jẹrà ṣáájú. Amọ̀ ilẹ̀ wa níbí kì í tètè fa omi, ikán kò sì jìnnà.

Èkejì, koríko ni kí ẹ lé kúrò lẹ́sẹ̀ òpó. Ẹ fi ọwọ́ hú u, ẹ da òkúta wẹ́wẹ́ yí i ká. Ẹ má kó èérún igi jọ síbẹ̀, omi ló ń dì mú. Lẹ́yìn náà ni páìpù ike dúdú tí wọ́n fi ń fa omi àgbàrá, èyí tó fẹ̀ ní íǹṣì 6. Ẹ là á, ẹ gé e kúkurú, ẹ fi wé ojú òpó tó kọjú sí koríko. Òpó tí wọ́n ń pè ní 4x4, bí ẹni pé íǹṣì 4 ni lọ́nà méjèèjì, ojú rẹ̀ gan-an kò ju íǹṣì 3 àbọ̀ lọ, nítorí náà àyè á wà fún omi láti ṣàn jáde. Ẹ má fún un pinpin. Tí ọgbẹ́ bá ti wà níbẹ̀, ẹ jẹ́ kí igi gbẹ, kí ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì kun copper naphthenate, oògùn bàbà tí wọ́n ń kùn sára igi, sí i.

Ẹ̀kẹta ni òpó tuntun. Èyí ni n kò lè sọ láìsọ ohun tójú mi rí.

Ọ̀gá kan wà tí mo bá ṣiṣẹ́. Ilé oníbàárà kan wà tí ọgbà ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ gùn gan-an. Mo fi sukudiráfà gún ìdí òpó kan níbẹ̀, ó wọlé bí ìgbà tí ọ̀bẹ wọ ẹ̀bà. Mo pe ọ̀gá, mo fi hàn án. Mo ní ká wé àwọn tó kù, ká sì sọ fún onílé. Ó ní, “Owó koríko ló ń san fún wa, kì í ṣe owó òpó. Ẹ máa gé e kó mọ́.” Ó sì padà sídìí fóònù rẹ̀.

Ìjì Beryl dé ní ọjọ́ 8 oṣù Keje 2024. Ọgbà yẹn dùbúlẹ̀ gbalaja. Gbogbo òpó rẹ̀ ló ṣẹ́ lójú ilẹ̀ bákan náà, kọnkéré ìdí wọn kò mì rárá. Ọgbà ti aládùúgbò, tí ẹnikẹ́ni kì í fi okùn kàn, wà lórí ìdúró. Onílé kò bá ìjì wí. Ojú ọgbẹ́ ló na ìka sí. Ọ̀gá mi, tí mo ti kìlọ̀ fún, dúró níṣojú mi, ó ní àwọn ọmọ iṣẹ́ òun kò fara balẹ̀. Ó ní àwa la máa rì òpó tuntun, láìgba owó. Nínú oòrùn oṣù Keje! Kọnkéré ìdí òpó kan lè ju pọ́ùn 100 lọ, ẹ sì gbọ́dọ̀ hú u tán kí òmíràn tó wọlé. Ó ṣì ń dùn mí títí dòní, n kò sì ní í purọ́ pé mo ti gbàgbé.

Nítorí náà, ẹ ya fọ́tò gbogbo ìdí òpó kí ẹ tó tan ẹ̀rọ ní ilé tuntun, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí onílé tààrà, kì í ṣe ọ̀gá nìkan. Òpó tí sukudiráfà bá wọ̀ wọ̀ọ̀, páìpù kò lè gbà á là mọ́, ẹ sọ fún un pé kó pààrọ̀ rẹ̀. Tí iṣẹ́ náà bá bọ́ sí yín lọ́wọ́, ẹ pe nọ́ńbà fóònù 811 kí wọ́n wá sàmì sí wáyà àti páìpù gáàsì kí ẹ tó gbẹ́lẹ̀. Ọjọ́ tí ẹ bá rì òpó náà ni kí ẹ wé e lẹ́sẹ̀, kí koríko tó hù débẹ̀.