Gìtá Bàbá Àgbà: Ohun tí Mo Tún Ṣe àti Ohun tí N Kò Fọwọ́ Kàn

Inú yàrá ìkẹ́rùsí ilé ẹbí wa ní Ìjẹ̀bú-Òde ni mo ti rí gìtá náà nínú oṣù Kejìlá, lẹ́yìn àwọn páànù àlòkù àti àpótí ẹ̀rọ ìránṣọ kan tí kò ní ẹ̀rọ nínú mọ́. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Àgbà, ni ó ń ta á nínú ẹgbẹ́ olórin jùjú kan láti ọdún 1969 títí di 1978, kí ó tó fi orin sílẹ̀ lọ ṣe iṣẹ́ olùkọ́. Okùn mẹ́rin péré ló kù lórí rẹ̀, wọ́n sì ti dógùn-ún débi pé méjì já nígbà tí mo kàn fọwọ́ bà wọ́n. Orúkọ ilé iṣẹ́ tí ó ṣe é ti já bọ́ kúrò ní orí rẹ̀, ihò ìṣó méjì ni ó fi sílẹ̀. Àwo irin tí wọ́n fi de ọrùn mọ́ ara nìkan ni ó ṣì ń jẹ́rìí pé ilẹ̀ Japan ni ó ti wá. Nígbà tí mo tú ìdérí rẹ̀, ilé amọ̀ tí agbọ́n kọ́ ni mo bá láàárín àwọn wáyà.

Ọdún 1949 ni Àyìndé Bákàrè mú gìtá oníná wọ inú orin jùjú. Nígbà tí yóò fi di àwọn ọdún 1970, gìtá mẹ́ta tàbí mẹ́rin lè wà nínú ẹgbẹ́ kan ṣoṣo, tí ọ̀kan ń léwájú, tí àwọn yòókù sì ń hun gbólóhùn kúkúrú mọ́ ara wọn lábẹ́ rẹ̀. Tẹ́nọ̀ ni Bàbá Àgbà máa ń ta. Iṣẹ́ tẹ́nọ̀ kò ní ògo púpọ̀, nítorí gbólóhùn kan náà ni ó máa ń tà láìyẹsẹ̀ títí orin yóò fi parí, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ́ kedere kí gángan má baà bò ó mọ́lẹ̀. Ohun tí mo fi sọ́kàn nìyẹn ní gbogbo ìgbà tí mo fi ń ṣiṣẹ́ lórí gìtá yìí: kì í ṣe pé kí ó dà bí tuntun, bí kò ṣe pé kí ó lè ta tẹ́nọ̀.

Káfíńtà tí mo kọ́kọ́ fi hàn ní kí a há ọ̀dà rẹ̀ kúrò, kí a sì fi ọ̀dà tuntun kùn ún, pé yóò máa dán bí mọ́tò. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì gbé gìtá mi lọ. Ní ẹ̀gbẹ́ òkè, níbi tí apá ọ̀tún máa ń sinmi lé, ọ̀dà pupa náà ti pa rẹ́ títí dé ara igi, ojú ibẹ̀ sì jọ̀lọ̀ bí ọmọ ọlọ. Ọdún mẹ́sàn-án ni apá ènìyàn fi ṣe èyí, n kò sì rí ẹ̀tọ́ tí mo ní láti fi ọ̀dà bò ó. Láti ọjọ́ náà ni mo ti pinnu pé n kò ní ṣe ohunkóhun tí ẹlòmíràn kò ní lè dá padà lẹ́yìn mi. Gbogbo ohun tí mo bá yọ, títí kan ìṣó, inú agolo mílíìkì kan ni ó ń lọ.

Ọrùn ni mo kọ́kọ́ dojú kọ, nítorí bí ọrùn gìtá bá ti tẹ̀, kò sí ohun tí iná lè ṣe sí i. Okùn mẹ́fà tí a yí le dáadáa, tí ìnípọn wọn bẹ̀rẹ̀ láti 0.010 dé 0.046 ínǹṣì, máa ń fa ọrùn pẹ̀lú agbára tí ó lé ní kìlógíráàmù 45, bí ẹni pé a so àpò sìmẹ́ńtì kan rọ̀ mọ́ ọn. Irin gígùn kan wà nínú ọrùn tí ó ń kojú ìfà yìí, ṣùgbọ́n nọ́ọ̀tì tí a fi ń fún un le ti dógùn-ún. Mo fi epo sí i fún ọjọ́ méjì, lẹ́yìn náà ni mo ń yí i díẹ̀díẹ̀, ìdá mẹ́rin òbìrí kan lójúmọ́, títí àlàfo tí ó wà lábẹ́ okùn ní àárín ọrùn fi sún mọ́ ìdá mẹ́rin mílímítà kan. Ẹni tí ó bá kánjú níbí yóò dá irin náà, gìtá yóò sì di ohun ọ̀ṣọ́ ara ògiri.

Ibi tí iṣẹ́ ti dùn mọ́ mi jù ni pickup méjèèjì, àwọn ẹ̀rọ kékeré abẹ́ okùn tí ń sọ gbígbọ̀n okùn di iná. Pickup kì í gbọ́ ohùn bí máíkì ṣe ń gbọ́ ọ. Òòfà ni ó wà nínú rẹ̀, tí wáyà bàbà tẹ́ẹ́rẹ́ yí ká ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà. Bí okùn irin bá ti ń gbọ̀n lókè rẹ̀, agbára òòfà náà á máa mì, iná kékeré á sì máa jáde láti inú wáyà. Mítà fi hàn pé ti ẹ̀gbẹ́ ọrùn ṣì pé, kìlóómù 6.8 ni ìdènà iná inú wáyà rẹ̀, ṣùgbọ́n ti ẹ̀yìn kò sọ ohunkóhun. Wáyà náà kò ju nǹkan bí 0.06 mílímítà lọ, ó tín-ín-rín ju irun orí lọ, inú mi sì ti bàjẹ́ kí n tó rí i pé ìparí rẹ̀ lóde ni ó ti já. Mo tú òbìrí kan péré, mo jó o padà mọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ pẹ̀lú lẹ́ẹ̀dì, ó sì sọ̀rọ̀.

Ó sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ó ń kùn. Iná ìjọba ń lọ ó ń bọ̀ ní ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan (nígbà tí ó bá wà), wáyà pickup sì ń gbé ìkùn yẹn wọlé pẹ̀lú ohùn okùn. Mo yọ òòfà pickup kan, mo dojú rẹ̀ bolẹ̀, mo sì jẹ́ kí wáyà rẹ̀ méjèèjì pààrọ̀ ipò. Báyìí, bí pickup méjèèjì bá jọ ń ṣiṣẹ́, ohùn okùn máa ń kún ara wọn lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ìkùn ti ìhín máa ń pa ìkùn ti ọ̀hún. Irú ọgbọ́n yìí ni Seth Lover, onímọ̀ ẹ̀rọ kan, ti lò ní Gibson, ilé iṣẹ́ tí ń ṣe gìtá ní Amẹ́ríkà, ní ọdún 1955. Ṣáájú èyí, mo ní láti gé ìdérí irin pickup náà kúrò lára wáyà tí wọ́n so ó mọ́, kí n sì fún un ní wáyà tirẹ̀ lọ sí ojú ilẹ̀ iná (ground) gìtá náà. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ariwo ni yóò máa dá sílẹ̀ nígbàkúùgbà tí ọwọ́ bá kàn án.

Ohun kan ṣoṣo tí mo fi kún un tí kò sí níbẹ̀ rí wà lára bọ́tìnnì fọ́lúùmù. Bí a bá ń dín fọ́lúùmù kù nínú irú gìtá yìí, ohùn òkè ni ó máa ń kọ́kọ́ lọ, tẹ́nọ̀ á sì dà bí ẹni tí ó ń sọ̀rọ̀ láti inú aṣọ ìbora. Kapásítọ̀ kékeré kan, 0.001 máíkrófárádì, àti résísítọ̀ kan tí ó jẹ́ kìlóómù 150, èròjà iná kékeré méjì, ni mo jó mọ́ ẹsẹ̀ méjì bọ́tìnnì náà, kí ohùn òkè lè rí ọ̀nà gbà. Owó rẹ̀ kò tó owó búrẹ́dì.

Ike tí okùn ń gbà kọjá ní ìdí orí ti là, nítorí náà mo ra egungun ojúgun màlúù lọ́wọ́ alápatà, mo sè é kí ọ̀rá inú rẹ̀ lè jáde, mo sì sá a sóòrùn fún ọ̀sẹ̀ méjì kí n tó fi fáìlì gbẹ́ ẹ. Ìyàwó mi lé èmi àti ìkòkò náà jáde lọ sí ẹ̀yìnkùlé.

Àwọn èèkàn tí a fi ń yí okùn ni mo fi sílẹ̀ bí wọ́n ṣe wà, mo kàn fi epo sí wọn, nítorí ihò ìṣó àwọn tuntun tí mo rí lọ́jà kò bá ti àtijọ́ mu, yóò sì di dandan kí n lu ihò mìíràn sí orí gìtá náà bí mo bá lò wọ́n.

Mo gbé e lọ bá Bàbá Àgbà ní ọjọ́ Àìkú. Ó fi ọwọ́ ra ibi tí ọ̀dà ti pa rẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó wá béèrè pé, “O ò kùn ún?” Mo ní, “Rárá o, sà.” Ó dín fọ́lúùmù kù sí ìdajì láìjẹ́ pé mo sọ fún un, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ta gbólóhùn tẹ́nọ̀ kan tí n kò gbọ́ rí. Ìka rẹ̀ ti le díẹ̀, ṣùgbọ́n ó ta á tó ìṣẹ́jú mẹ́ta kí ó tó dáwọ́ dúró.

“Okùn kẹta ti rọ̀,” ni ó wí.

Òótọ́ ni. Èèkàn rẹ̀ ń yọ̀. Ẹ̀rọ ìluhò wà lórí tábìlì mi láti ọjọ́ náà, n kò tíì fi iná sí i.