Ọjọ́ tí ọmọ bá lanu: ìdí tí mo fi ń ka ìwé àwọn ọ̀dọ́

Àwọn èèyàn máa ń bi mí pé kí lẹ̀ ń fi ìwé ọmọdé ṣe lọ́jọ́ orí yín yìí, màá ní ẹ lọ kà á ná. Mo fẹ́ràn ìtàn ọmọ tó ń dàgbà, ìtàn tí ọmọ ọdún 14, 15 ti bẹ̀rẹ̀ sí í la ojú sí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ilé bàbá ẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ tàwọn òyìnbó tí mo ti kà, ọ̀rọ̀ ìfẹ́ ló máa ń gba iwájú, kò burú, mo máa ń gbádùn ẹ̀, àmọ́ kì í pẹ́ kó tó kúrò lọ́kàn mi. Nílé tiwa tí àgbà bá ń sọ̀rọ̀ ọmọ ò gbọdọ̀ dá sí i, tó bá dá sí i wọ́n á ní ó ti yájú, torí náà ohun tí mo máa ń wá nínú ìwé ni ọjọ́ tí ọmọ yẹn máa lanu sọ tinú ẹ̀.

Kò tíì sí èyí tó ṣe é dáadáa tó Purple Hibiscus tí Chimamanda Ngozi Adichie kọ ní 2003. Kambili, ọmọ ọdún 15 ní Enugu, bàbá ẹ̀ lówó, ó ń gbàdúrà, ó ń ran gbogbo ayé lọ́wọ́, tó bá wá délé á na ìyàwó àtọmọ nínà ìkà. Bàbá yìí kan náà á fún wọn ní tíì ẹ̀ tọ́ wò díẹ̀, tíì yẹn á gbóná, á bó ọmọ láhọ́n, ọmọ á sì gbà pé ìfẹ́ bàbá òun ló ń jó òun wọlé yẹn. Mo gbé ìwé sílẹ̀ níbẹ̀ o, mo mí kanlẹ̀.

Ó wá dé Nsukka lọ́dọ̀ àǹtí Ifeoma, ilé tó kún fún ẹ̀rín, táwọn ọmọ ń bá ìyá wọn jiyàn tí kò sẹ́ni tó gbá wọn létí. Amaka ọmọ àǹtí yìí ń sọ̀kò ọ̀rọ̀ sí Kambili torí pé kò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe ewé orah tí wọ́n fẹ́ fi sebẹ̀, pé ọmọ olówó ni, Kambili dákẹ́, àfìgbà tí àǹtí jágbe mọ́ ọn pé ṣé kò lẹ́nu ni, kó dá a lóhùn! Lọmọ bá ní kí Amaka má pariwo mọ́ òun, òun ò mọ̀ ọ́n ṣe lóòótọ́, àmọ́ ó lè fi han òun. Ó tán. Ọ̀rọ̀ péréte lórí ewé ọbẹ̀, Amaka sì bú sẹ́rìn-ín, èmi náà fò sókè bí ẹni tí Super Eagles gbá góòlù wọlé fún.

Adunni inú The Girl with the Louding Voice tí Abi Daré kọ (2020) ò dákẹ́ rí ní tiẹ̀. Ọmọ ọdún 14, bàbá ẹ̀ fi í fún Morufu onítakisí torí owó, ó sá níbẹ̀, ó di ọmọ ọ̀dọ̀ Big Madam l'Ékòó, ìyẹn náà tún ń lù ú. Gẹ̀ẹ́sì tí kò gún tó fi ń sọ ìtàn ẹ̀ máa ń bí àwọn kan nínú, wọ́n ní ọmọ Yorùbá kan ò sọ̀rọ̀ báyẹn. Èmi fẹ́ràn ẹ̀ gan-an ni, torí ọmọ yẹn ò dúró di ìgbà tí Gẹ̀ẹ́sì ẹ̀ máa tọ́ kó tó sọ ohun tó ń dùn ún. Àwọn àlàyé nípa Nàìjíríà tí wọ́n ń fi bẹ̀rẹ̀ orí ìwé nígbà tó dé Èkó ni mi ò fẹ́, ó ń já ìtàn mọ́ ọmọ náà lẹ́nu.

Everything Good Will Come ti Sefi Atta (2005) ló le fún mi jù. Ní 1971 tí ìtàn bẹ̀rẹ̀, Sheri ọmọ ilé kejì ló lẹ́nu, Enitan tó ń sọ ìtàn náà ń wò ó ni, bẹ́ẹ̀ Sheri yẹn làwọn ọmọkùnrin fipá bá lò pọ̀ ní Ikoyi Park. Enitan gbé ọ̀rọ̀ yẹn sínú dàgbà. Ọ̀pọ̀ ọdún kọjá, ìjọba ológun ti bàbá ẹ̀ mọ́lé, kó tó di pé ó lanu débi tí ọkọ ẹ̀ gan-an ò lè pa á lẹ́nu mọ́.

Obìnrin ni gbogbo wọn ṣá. Jaja, ẹ̀gbọ́n Kambili, lọ ṣẹ̀wọ̀n lórí ohun tí kì í ṣe òun ló ṣe é, a ò sì gbọ́ ìtàn náà lẹ́nu ẹ̀, àbúrò ẹ̀ ló ń bá a sọ ọ́, ó sì ń jẹ mí lọ́kàn gan-an. Mo ń wá ìwé tí ọmọkùnrin bíi Jaja ti máa fẹnu ara ẹ̀ sọ tiẹ̀, ẹni tó bá mọ ọ̀kan kó jọ̀ọ́ dárúkọ ẹ̀ fún mi, kí n wá a rà.